Ẹni Tó Ń Fi Orin Kan Ilẹ̀kùn

Màmá Olórin kì í kan ilẹ̀kùn. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó wá bẹ̀ wò, yóò dúró, yóò mí kanlẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ orin. Kó tó parí ìlà kejì, wọ́n á ti ṣílẹ̀kùn, wọ́n á ti gbé àga sílẹ̀, aláìsàn á ti máa gbìyànjú láti dìde jókòó. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ nínú ìjọ nìyẹn. Àwọn kan ń gbé Bíbélì lọ síbi ìbẹ̀wò, àwọn kan ń gbé búrẹ́dì. Ní tirẹ̀, ohùn ló ń gbé lọ. Ká sòótọ́, ohùn náà dùn. Mo ti gbọ́ akọrin tó pọ̀, mi ò tíì gbọ́ èyí tí ohùn rẹ̀ ń wọni lára tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó kàn ń bí mi nínú ni pé àwa ọmọ ìjọ, tí nǹkan bá ti dùn mọ́ wa, a kì í bèèrè bóyá ẹlòmíì ń fẹ́ ẹ.

Opó ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì ń gbé níbi tó jìnnà gan-an, orí fóònù ni wọ́n ti ń rí ara wọn. Yàrá kan ló ń gbé lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alápákó. Ibùsùn kan ló wà níbẹ̀, sítóòfù kékeré kan, fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀rọ omi inú àgbàlá, àti àga méjì tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni èèyàn ń jókòó sí. Láràárọ̀, bó bá ti jí, kó tó fọ ojú, orin ló máa kọ́kọ́ kọ. Orin yẹn ni ẹnìkejì rẹ̀ nínú ilé. Bí kò bá kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa kí i káàárọ̀.

Ìgbà tó yá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan kó wá sí yàrá ìsàlẹ̀, gẹ́lẹ́ lábẹ́ tirẹ̀. Alágbàfọ̀ ni, ní ilé ìwòsàn ìlú. Aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ló ń fọ̀, bó bá sì darí dé, á tún máa fọ ti ilé àlejò kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Ẹrù rẹ̀ kò ju àpótí kan, ọpọ́n ìfọṣọ àti áyọ́ọ̀nù lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́. Bó bá kíni, á ti kọjá lọ kéèyàn tó dá a lóhùn.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, bí Màmá Olórin ṣe bẹ̀rẹ̀ orin, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ṣí. Ó yọjú lójú fèrèsé. Alágbàfọ̀ ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, ó sì ṣí ẹ̀rọ náà sílẹ̀ gbagada, omi ń dà sínú korobá tó ti kún tẹ́lẹ̀. Nígbà tí orin parí, ó pa ẹ̀rọ náà, ó wọlé. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Màmá sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ yìí fẹ́ràn omi àárọ̀.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, Pásítọ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Màmá, ẹnì kan wà nínú ilé yín tí kò mọ èèyàn kankan níbí. Mo gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ò tíì pẹ́ tó kú. Ẹ bá wa yà sọ́dọ̀ rẹ̀.”

“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, Pásítọ̀.”

Kí n má parọ́, kì í ṣe tìtorí iṣẹ́ Olúwa nìkan ni inú rẹ̀ fi dùn. Ó ti ń wo àga kejì yẹn tipẹ́. Ó ra búrẹ́dì, ó we gèlè rẹ̀ dáadáa, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Alágbàfọ̀, ó sì kọrin. Áyọ́ọ̀nù tó ń dún gbì gbì nínú yàrá dákẹ́. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Lọ́jọ́ kejì ó tún lọ, ó sì fi ẹsẹ kejì kún un, bóyá ẹsẹ kìn-ín-ní ni kò wọ ọmọ náà létí. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta ni ilẹ̀kùn tó ṣí. Alágbàfọ̀ dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó tutù fún omi ọṣẹ ló fi bo etí.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́,” ló wí. “Ẹ máa kan ilẹ̀kùn bíi ti gbogbo èèyàn.”

Ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Inú bí Màmá Olórin. Inú bí i débi pé ó jókòó sórí ibùsùn, ó sì jẹ búrẹ́dì ọ̀hún tán fúnra rẹ̀. Ta ló máa ń lé orin sẹ́yìn? Àwọn tó ń kú lọ gan-an, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ó pinnu pé òun ò ní lọ mọ́. Ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ tó ní kò wu òun, a ò lè fi tipátipá ràn án.

Ṣùgbọ́n fèrèsé ò jẹ́ kó sinmi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí Alágbàfọ̀ lágbàlá, tó fẹ́ ká àwọn aṣọ ibùsùn tó gbẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ká irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ọmọ náà fi àgbọ̀n di etí aṣọ kan mú, ó na apá títí, síbẹ̀ etí kejì bọ́ sínú ẹrẹ̀. Kò pòṣé. Kò tiẹ̀ fajú ro. Ó kàn gbé aṣọ náà padà sínú ọpọ́n bí ẹni tí irú ẹ̀ ti mọ́ lára, ó sì tún un fọ̀. Ohun tó dun Màmá nìyẹn, pé kò pòṣé. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dé ibi òpó okùn aṣọ, ó sì fi ìka kan òpó náà, kó, kó, kó. Alágbàfọ̀ bojú wẹ̀yìn.

“Aṣọ yẹn gùn jù ọ́ lọ,” Màmá wí. “Mú etí kan fún mi.”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oníkálukú á di etí méjì mú, wọ́n á fà á kó lè nà, wọ́n á pa á pọ̀ gígùn, wọ́n á rìn pàdé, Màmá á fi etí tirẹ̀ lé ọmọ náà lọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀, á mú ìsàlẹ̀ aṣọ wá sókè. Lẹ́yìn náà wọ́n á mú òmíràn. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Kò rọrùn fún obìnrin yẹn rárá. Ẹni tó ń kọrin fi dáná, tó ń kọrin fi gbálẹ̀, tó wá dúró sídìí aṣọ tí ẹnu rẹ̀ dì pa! Nígbà míì orin á ti dé ọ̀fun rẹ̀, á gbé e mì bí ìgbà téèyàn bá gbé oògùn mì. Ṣùgbọ́n ó rí i pé bí òun bá ti dákẹ́, èjìká ọmọ náà máa ń rọ̀, ó sì ń lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Aṣọ wà láàárín wọn, wọ́n fà á le.

“Ẹ ò dá mi mọ̀, àbí, Mà?”

“Níbo ni mo ti rí ọ?”

“Wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Ọjọ́ Àìkú kan, lọ́sàn-án. Ẹ kó àwọn èèyàn yín wá, gbogbo yín wọ funfun. Ẹ̀yin lẹ ṣíwájú wọn. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi lẹ dúró sí.”

Wọ́n máa ń lọ sí wọ́ọ̀dù náà lóòótọ́, ẹgbẹ́ abẹniwò, Màmá Olórin sì ni olórí wọn. Tí wọ́n bá ti wọlé, orin ni, láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì.

“Láti àárọ̀ ni màmá mi ò ti sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ orin ni wọ́n lajú, wọ́n wò mí, ẹnu wọn ń mì. Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo gbé etí lé wọn lẹ́nu, orin yín ni mo ń gbọ́. Mo ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ rò pé ẹkún ni mò ń sun. Ọ̀kan nínú yín tiẹ̀ gbá mi mọ́ra, ó ń fà mí kúrò níbẹ̀, ó ní kí n gbé e lé Olúwa lọ́wọ́. Ìgbà tẹ́ ẹ fi máa parí, wọ́n ti dákẹ́.”

“Wọn ò tún sọ̀rọ̀ mọ́?”

“Wọn ò tún sọ̀rọ̀ mọ́, Mà. Mi ò mọ ohun tí wọ́n wí.”

Màmá rántí ọjọ́ náà báyìí. Ibi tó ti burú ni pé ó rántí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tó dára. Ó ti fi jẹ́rìí nínú ìjọ, pé àwọn kọrin sin arábìnrin kan délé ògo, pé bó ṣe ń lọ ni ẹnu rẹ̀ ń mì, tó ń bá àwọn kọ ọ́. Gbogbo ìjọ ní àmín.

Ọ̀rọ̀ rọ́ dé ẹnu rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé àwọn ò mọ̀. Ó fẹ́ sọ pé ìyá náà ti wà níbi tó dára. Ó fẹ́ sọ ti ọkọ tirẹ̀ náà, tó kú nígbà tí òun lọ ra oògùn. Ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé ara òun ni òun fẹ́ fi wọ́n tù. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ó di etí aṣọ náà mú ṣinṣin.

“Mo gbọ́, ọmọ mi,” ló wí. “Àwa la jẹ̀bi.”

Wọ́n ká aṣọ tó kù.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó jí, ó la ẹnu láti kọrin, ó rántí, ó sì pa á dé. Yàrá pa lọ́lọ́. Ó gbọ́ bí pákó ṣe ń dún, ó gbọ́ eku nínú àjà, ó gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ó jókòó sójú kan títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, nítorí kò mọ ohun tó yẹ kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Láti ìgbà náà, kò kọrin nínú ilé yẹn mọ́. Bí ọkàn rẹ̀ bá ń pòùngbẹ orin jù, á jáde lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí àwọn tírélà ti ń kọjá, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, á kọ ọ́ sínú ariwo wọn. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń wò ó. Ẹnì kan tiẹ̀ fún un lówó.

Ẹ ò ní gbà pé ibi tó ti dá nìkan wà jù lọ ni ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ fún ẹgbẹ́ abẹniwò pé kí wọ́n má ṣe kọrin ní wọ́ọ̀dù mọ́ àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ bi aláìsàn kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì dúró gbọ́ èsì.

Kááfíńtà, tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, ọkùnrin ńlá tó jẹ́ pé bó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó wà lópin kejì á mọ̀ ọ́n lára, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Màmá, ta ló ń bi aláìsàn bóyá ó ń fẹ́ ìbùkún? Kí ló dé? Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ẹ ṣáà jẹ́ ká máa bèèrè.”

Bó bá sọ ìtàn ọmọ náà fún wọn, gbogbo wọn ì bá dákẹ́, ojú ì bá sì tì wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Mo mọ ìjọ wa: ohun téèyàn bá sọ lọ́jọ́ Àìkú, kó tó di àárín ọ̀sẹ̀, wọ́n ti ń fi gbàdúrà tòun ti àdírẹ́sì. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó pa ẹnu mọ́, wọ́n sì rò pé ìgbéraga ni, wọ́n ní ọjọ́ orí ti ń dà á láàmú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí Kááfíńtà máa ṣíwájú.

Pásítọ̀ pè é. “Màmá, ṣé ẹnì kan ṣẹ̀ yín ni? Wọ́n ní ẹ ò kọrin nílé yín gan-an mọ́. Orin kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o.”

“Mo mọ̀, Pásítọ̀. Ẹ̀tọ́ mi ni. Mo kàn gbé ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni.”

“Tìtorí kí ni?”

“Tìtorí ẹnì kan.”

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀yìn ni Màmá ń jókòó sí, ó sì ń bá wọn kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bó bá délé, á ti ojú fèrèsé máa wo ẹ̀rọ omi. Alágbàfọ̀ kì í jáde síbẹ̀ láàárọ̀ mọ́. Ọmọ náà ò fìgbà kan sọ̀rọ̀ nípa orin tó dáwọ́ dúró yẹn, Màmá sì rò pé kò tiẹ̀ fura. Ó dùn ún díẹ̀. Ó máa ń dunni, kéèyàn fi nǹkan ńlá sílẹ̀ kí ẹni tá a fi í sílẹ̀ fún má mọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ títì yẹn ni òjò ti pa á. Ó kọrin nínú òjò, ó délé, ibà gbé e dè. Alágbàfọ̀ ń gòkè wá kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó ń se tíì fún un, ó ń fi aṣọ tútù nù ún níwájú orí, ó sì ń jókòó sórí àga kejì.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ẹgbẹ́ abẹniwò dé. Alágbàfọ̀ wà nísàlẹ̀, ó ń fọṣọ. Wọn ò kan ilẹ̀kùn. Ta ló kọ́ wọn? Wọ́n wọlé pẹ̀lú orin, wọ́n yí ibùsùn ká, Kááfíńtà gbà pé ipò olórí ni ó yẹ kí òun wà, ó sì jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn. Pákó ilẹ̀ ń gbọ̀n. Màmá lajú, ó sọ nǹkan. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n gbé ohùn sókè. Ó gbé ọwọ́, wọ́n rò pé ó ń yin Olúwa, àwọn náà gbé ọwọ́ tiwọn.

Lábẹ́ pákó yẹn, Alágbàfọ̀ gbọ́ orin náà. Orin ọjọ́ wọ́ọ̀dù yẹn ni. Ó fi ọwọ́ bo etí, ó dé ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ omi. Kò lọ síbẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn lọ síbi tí orin ti ń wá, ó ti ilẹ̀kùn ṣí, ó rí ẹnu Màmá tó ń mì láàárín àwọn èèyàn tó wọ funfun. Ó gba àárín wọn kọjá.

“Ẹ dákẹ́,” ló wí. “Màmá ń sọ̀rọ̀.”

Wọn ò gbọ́.

“Mo ní kẹ́ ẹ dákẹ́!”

Yàrá pa lọ́lọ́. Ó kúnlẹ̀, ó gbé etí lé ẹnu Màmá.

“Kí lẹ wí, Mà? Ẹ tún un sọ. Mò ń gbọ́ yín.”

“Kááfíńtà,” Màmá wí, ohùn rẹ̀ ti há. “Ó jókòó lé mi lẹ́sẹ̀.”

Kááfíńtà fò dìde. Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dúró. Ó fi orí lé etí ibùsùn, ó ń rín in, kò sì pẹ́ tó di ẹkún, irú ẹkún téèyàn ti gbé pamọ́ tipẹ́. Àwọn abẹniwò dúró, wọn ò mọ ohun tí wọ́n á ṣe. Kò sẹ́ni tó kọrin. Wọ́n yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, Kááfíńtà ló sì kẹ́yìn. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé bíi pé ọmọ tuntun ń sùn níbẹ̀.

“Ṣé ẹ rò pé irú ẹ̀ ni màmá mi ń sọ?” Alágbàfọ̀ bèèrè. “Nǹkan lásán bẹ́ẹ̀? Pé ẹnì kan tẹ àwọn lẹ́sẹ̀, tàbí pé ooru ń mú àwọn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni” ló yẹ kí Màmá sọ, kí ọkàn ọmọ náà lè balẹ̀. Ó rọrùn, ó sì jọ àánú. Màmá wò ó lójú.

“Mi ò mọ̀, ọmọ mi.”

Alágbàfọ̀ mi orí pé òun gbọ́. Ó di ọwọ́ Màmá mú, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí tíì fi tutù.

Nígbà tí Màmá gbádùn tán, wọ́n gbé iṣẹ́ Alágbàfọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn tó jìnnà. Ní àárọ̀ tó fẹ́ lọ, ó gòkè wá, ó kan ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ kí i.

“Ẹ máa kọrin yín o, Mà. Ilé yìí ti dákẹ́ jù.”

“Ta ló sọ fún—”

“Mo mọ̀ pé tìtorí mi ni. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Mo máa ń jí, mo máa ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo máa ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń dákẹ́ fún mi.”

Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ. Kò sẹ́ni tó tíì gba yàrá ìsàlẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Olórin jí, ó jókòó sétí ibùsùn níwájú àga méjèèjì, ó mí kanlẹ̀, ó kọrin. Ohùn náà ṣì dùn, ó kàn ti gbẹ díẹ̀ ni. Nígbà tó parí ẹsẹ kìn-ín-ní, ó dákẹ́, ó sì tẹ́tí sí ilẹ̀ pákó, bóyá ẹnì kan ń sọ nǹkan. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún dúró sí i, torí ó lè jẹ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. Lẹ́yìn náà ló tó mú ẹsẹ kejì.